Káàdì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kà Fún Dókítà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í gbàgbé ohun tó bá ti gbọ́. Bí àlejò bá wọ ilé wa lónìí, tó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀, tó wá padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n mi á ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un bí ẹni pé ilé kan náà la ti bí wọn. Ìwé nìkan ni kò bá a rẹ́. Kò sí ohun tí bàbá wa ò ṣe tán: ẹ̀bẹ̀, ẹgba, àdúrà, omi wàláà tí wọ́n fọ̀ fún un mu, ìwé ṣá kọ̀ jálẹ̀. Ó máa ń sọ pé àwọn lẹ́tà ń ṣípò lójú òun, pé bí òun bá mú ọ̀kan, èkejì á ti sá lọ. Pàṣán ni àwọn olùkọ́ fi ń dá a lóhùn.

Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí tí mo fi jókòó kọ èyí, ẹ má wá ọgbọ́n mìíràn níbẹ̀. Ìlá la bí wa sí, ilé Mùsùlùmí. Bàbá wa ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó aṣọ wá bá wọn. Ìyá wa ń ṣe irú. Ẹni tó bá gbé inú ilé onírú rí mọ̀ pé òórùn yẹn kì í fi ara èèyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi, ọrùn mi á yí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀gbọ́n mi láàrin èrò. Àwọn tí ìyá wa bí sáàrin àwa méjèèjì ò dúró, ìdí nìyẹn tó fi dàgbà jù mí lọ tó bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ni mo máa ń pè é.

Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ àṣírí rẹ̀, lọ́jọ́ tó ń ṣe wòlímọ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: wọ́n á wé láwàní fún ọmọ, wọ́n á jókòó tì í lórí ẹní, Àfáà á ṣí Àlùkùránì síwájú rẹ̀, wọ́n á máa fi ìgbálẹ̀ kan tọ́ka sí ìlà bó ṣe ń kà á lọ, àwọn ẹbí á sì máa fi owó lẹ̀ ẹ́ níwájú orí. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí. Ohùn rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé àwọn obìnrin ilé wa ń nu ojú. Níbi tó ti ń kà á, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ fẹ́, ewé ìwé náà ṣí lọ sí iwájú. Àfáà gbé ìgbálẹ̀ wọn sókè kí wọ́n lè dá a padà. Ẹ̀gbọ́n mi ò dúró. Ó ń ka ojú ewé tó ti lọ, kò fo ìlà kan, ojú rẹ̀ sì wà lórí ojú ewé tuntun bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń rí i.

Mo rí i. Àfáà náà rí i. Wọ́n rọra dá ewé náà padà, wọ́n sì gbé ìgbálẹ̀ wọn lé ibi tí ẹnu rẹ̀ dé. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun, wọ́n pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ tí ojú ẹ̀ là ni mí.

"Ta ló ń kà á sí ọ létí?" wọ́n bi í.

"Àwọn tó ń kà ṣáájú mi ni mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, Àfáà."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọlọ́run fún ọ ní etí tó ju tèmi lọ. Kí o má jẹ́ kí etí náà kó bá ọ." Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi kú. Bí gbogbo ayé bá rí bí Àfáà yẹn ni, ẹ̀gbọ́n mi ì bá wà nílé lónìí.

Ní ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì, kò sí ẹni tó ń dá ewé padà fún un. Olódo rábàtà ni wọ́n ń pè é, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín tó ń dùn mí ju kó sunkún lọ. Bí èmi náà ṣe mọ̀wé kà báyìí, mo di òǹkàwé rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí màmá bá ń ṣa irú lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé, màá jókòó sórí àpótí, màá máa ka ìwé rẹ̀ sókè. Òun á di ojú, á fi ẹ̀yìn ti ògiri. Èmi tí mò ń kà á ò mọ ohun tí mò ń kà. Òun tí kò lè kà á, òun ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó máa ní, "Ṣé o mọ ohun tí o kà yẹn? Ìdí nìyẹn tí òjò fi ń pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa ju apá òkè lọ." Èmi á ní mi ò mọ̀, mo kàn ń pe ohun tí mo rí ni. Òun á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ojú ni ìwọ, èmi ni inú." Mi ò tíì rí ayọ̀ tó ju ti àwọn ọ̀sán yẹn lọ láti ìgbà náà, mo sì ti lọ́kọ, mo ti bímọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe tì í dé yunifásítì. Ó ti ṣe ìdánwò léraléra kó tó yege. Ìdánwò ìwọlé wá jẹ́ èyí tí wọ́n ń yan ìdáhùn láàrin mẹ́rin, ẹni tó bá sì ti mọ ohun tí wọ́n ń bi í lórí, bó bá ti rí ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì gbá mú, á dá ìyókù mọ̀. Jógíráfì ni wọ́n fún un. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, bàbá wa ti ṣọ́ọ̀bù kí ìrọ̀lẹ́ tó dé, ohun tí wọn kì í ṣe rárá, àwọn tó kó aṣọ wá bínú lọ.

Àmọ́ yunifásítì ò ní igi ọsàn, èmi ò sì sí níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n ní kó kà ga ju èèyàn lọ, ẹnìkọ̀ọ̀kan ló sì ń bá tirẹ̀ jà. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ parí, èsì rẹ̀ burú. Ilé ìwé ní àwọn fún un ní ọdún kan sí i, bí ìyẹn náà bá rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn: ọdún kan péré, kó rí ẹni tí yóò máa kàwé fún un, tàbí kó gbàgbé yunifásítì.

Olùkọ́ rẹ̀ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ló wá fojú sí i. Ó rí i pé ọmọ yìí ń dáhùn ìbéèrè lẹ́nu ju gbogbo kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n tó bá kọ ọ́ sínú ìwé, ó di jágbajàgba. Ó pè é sí ọ́fíìsì, ó fún un ní ìwé ìròyìn pé kó kà á. Ẹ̀gbọ́n mi fi gbogbo ara kà á, ó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà bí ẹni tó wọ inú ẹrẹ̀. Olùkọ́ náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan yìí ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní dísléésíà, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè, bí wọ́n ṣe ń bí àwọn kan nìyẹn. Ó ní níbi tí òun ti ń bọ̀, àwọn kan ti ń gbèjà irú wọn kí wọ́n lè rí ìrànlọ́wọ́. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ wa máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara ní bọ́sárì tó ju ti àwọn yòókù lọ, kó lè fi gba ẹni tí yóò máa kàwé fún un. Ó ní kó lọ béèrè tirẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ló ti rò ó fún wa. Bàbá dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. Màmá, tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, gbé àwo sílẹ̀.

"Ta ni aláàbọ̀ ara?" wọ́n ní. "Ṣé èyí tí mo bí yìí ni? Èyí tí ojú rẹ̀ ń wo ojú mi yìí?"

"Màmá, orúkọ lásán ni. Orúkọ yẹn ló máa sanwó ẹni tí yóò máa kàwé fún mi."

"Orúkọ a máa ro ọmọ," ni màmá wí.

Bàbá ní, "Ìyá rẹ̀, kí wá ni kó ṣe? Ṣé ká gbé eléyìí tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì ni?" Wọ́n fi ẹnu júwe mi. Wọ́n fi ṣeré ni, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá ti di ẹrù mi kó tó dọ̀la. Màmá gbé àwo oúnjẹ ka iwájú bàbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó lọ, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílùú gbọ́ orúkọ tó lọ jẹ́ ní Ìbàdàn.

Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láìmọ ìwé kà, bí ìgbà tó ń lọ sí ogun lọ́wọ́ òfo ni. Ọmọ kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ la wà nígbà náà, Ìbàdàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń parí sí. A wọ pijó kí oòrùn tó yọ, a gba Òṣogbo kọjá, ó sì ń kọrin lójú ọ̀nà bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Mo rántí pé mo sùn lé e léjìká, òórùn irú sì wà lára aṣọ rẹ̀ díẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, àwọn tí a bá níbẹ̀ jókòó sórí àga gígùn: afọ́jú kan tí àbúrò rẹ̀ mú wá, arọ kan, àwọn méjì tó ń fi ọwọ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n bi í pé ta ló mú wá. Wọ́n rò pé èmi ni mo ní àìlera. Akọ̀wé tó ń gba ìwé lọ́wọ́ wa jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan tó wọ gíláàsì, èèyàn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé ara rẹ̀. Wọ́n bọ́ gíláàsì wọn, wọ́n tún un wọ̀.

"Ọmọ mi, mi ò gbọ́ irú èyí rí," wọ́n ní. "Àmọ́ gbọ́ bí nǹkan wa ṣe ń lọ. Owó tí à ń fún ẹni tí kò ríran, kì í ṣe pé à ń ṣàánú ojú rẹ̀. Owó ẹni tó ń kàwé fún un ni. Bí dókítà ojú ti ìjọba bá kọ ọ́ pé ìwọ ò lè kàwé fúnra rẹ, ó parí. Ìgbìmọ̀ ò ní í bi ọ́ pé kí ló fà á. Ìlà kan péré ni mò ń wá." Wọ́n wo aago ara ògiri. "Ọ̀sán òní ni wọ́n ń jókòó. Lẹ́yìn tòní, ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù fún wa. A fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé ọsibítù. Inú mi ń dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín fún ẹni tí mi ò mọ̀. Ìlà kan péré, kí ẹ̀gbọ́n mi ṣáà ṣe bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́ níwájú dókítà, kó kọsẹ̀, kó ṣubú. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ?

Kọ́tìnì ni wọ́n fi ṣe ìlẹ̀kùn yàrá dókítà ojú. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn kọ́tìnì náà, àwa tí a wà lórí rẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nínú. Káàdì kan ni dókítà ní, káàdì kan ṣoṣo tí ọwọ́ ti sọ di pupa, tó ń fún gbogbo ẹni tó bá mọ gẹ̀ẹ́sì kà. Ìtàn kékeré ló wà lára rẹ̀: ọkùnrin kan ní ọkọ̀ ojú omi funfun kan; láràárọ̀ ni ó máa ń tù ú lọ; afẹ́fẹ́ a máa fẹ́, omi a máa ru; ṣùgbọ́n nígbà gbogbo, ó máa ń padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwa tá a ti Ìlá wá, níbo la ti rí ọkọ̀ ojú omi? Ẹni àkọ́kọ́ kà á. Ẹni kejì kà á. Ìyá arúgbó kan tó ti ṣe tíṣà rí wọlé, òun náà kà á, ó gbé ohùn sókè bí ẹni wà níwájú kíláàsì.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ètè rẹ̀ ń mì.

Mo mọ ètè yẹn láti ilé kéwú; bẹ́ẹ̀ ló máa ń mì tó bá ń gba ohun tó gbọ́ sórí. Mo sún mọ́ etí rẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má gbọ́ ọ."

"Kí ni?"

"Ohun tí wọ́n ń kà. Ẹ di etí yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé etí ní ìlẹ̀kùn ni?"

Mo ní ká lọ dúró níta. Ó ní ẹlòmíràn á gba àyè wa, pé kí n fọkàn balẹ̀, òun mọ ohun tí òun wá ṣe. Wọ́n sì pè é. Ó nu ojú rẹ̀, ó wọlé. Mo gbọ́ tí dókítà ń béèrè ohun tó ń ṣe é, mo gbọ́ tí òun náà ń ṣàlàyé pé òun kò lè kàwé. Dókítà ní, "Ó dáa, ka èyí kí n gbọ́." Gbogbo bẹ́ǹṣì na etí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ohùn wòlímọ̀ yẹn gan-an, ó ń dún geere. Ó ka ọkùnrin, ó ka ọkọ̀ funfun, ó ka afẹ́fẹ́, ó ka omi, ó sì kà á dé ibi tí ọkùnrin náà ti padà wálé. Nínú gbogbo ẹni tó kà á lọ́jọ́ náà, òun ló kà á dáa jù. Ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì ní, "Ọ̀mọ̀wé nìyí o."

Ó jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó nà án sí mi kí n kà á fún un. Dókítà kọ ọ́ pé ojú rẹ̀ méjèèjì pé, pé ó ń kàwé dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é.

Mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ká kọ́tìnì, mo kúnlẹ̀ níwájú dókítà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti mọ káàdì yín lórí ni. Ẹ fún un ní ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì yín yìí." Dókítà wò mí bí ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èrò sì pọ̀. Ó ní, "Ó mọ ọ́n lórí? Ìgbà wo ló rí i rí?" Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi ti wà lẹ́nu kọ́tìnì. Ó ní, "Ó tó, àbúrò mi. Dìde." Nọ́ọ̀sì sì ti ń pe ẹni tó kàn.

Abẹ́ igi kan nínú ọgbà ọsibítù la jókòó sí. Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè sunkún. Mo bi í pé kí ló ṣe é. Ó ń fi èèkánná ha ilẹ̀.

"Mo ti múra láti kà á bí mo ṣe máa ń kàwé," ó ní. "Mo la ẹnu. Mo wá rántí pé gbogbo bẹ́ǹṣì ló ń gbọ́. Àgbàlagbà bí ìyá yẹn kà á. Ẹnu mi ò gbà fún mi."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí. Ọmọ tí wọ́n ti fi ṣẹ̀sín láti kékeré, tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí yóò ṣe bo ara rẹ̀ láṣìírí, ọjọ́ kan ṣoṣo la wá ní kó ṣí aṣọ lójú ọjà. Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, ìyá akọ̀wé ka ìwé dókítà, wọ́n sì dá a padà fún wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwé yìí ní ojú rẹ dára ju tèmi lọ. Kí ni kí n sọ fún ìgbìmọ̀?" Ohùn wọn kò le rárá. Afọ́jú tó wà lórí àga gígùn ní kí Ọlọ́run ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì ní àmín.

Ọgbọ́n tó kù nílé la dá. Rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wa, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì wákà àti wáàsí. A fi bébà dí ihò kékeré tó wà lókè kásẹ́ẹ̀tì, kó lè gba ohùn tuntun, bí mo bá sì ti ilé ìwé dé, màá jókòó, màá máa ka ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀. Máṣíìnì bàbá ń dún níbẹ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè ṣòkòtò wọn níbẹ̀, màmá ń ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀. Awakọ̀ pijó kan ló máa ń bá wa gbé e lọ. Ní ìparí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, màá ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ibi tí mo kà á dé nìyí. Ẹ tètè wálé o." Ó máa ń ránṣẹ́ padà pé òun ń gbọ́ irú nínú ohùn mi.

Àmọ́ ìwé pọ̀ ju kásẹ́ẹ̀tì lọ. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ sì le ju ẹnu mi lọ. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá lè pè, fífò ni mò ń fò ó, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí tó máa bá mi pè é. Ọdún yẹn parí. Wọ́n ní kó máa lọ.

Ó wá sílé, ó bá màmá gún irú fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣàwàdà, ó ń jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó ní òun ń lọ sí Èkó. Láti Èkó ó lọ sí Kútọnú, ó ń ṣiṣẹ́ lébìrà ní etíkun. Kò kọ lẹ́tà sí wa rí, báwo ló ṣe fẹ́ kọ ọ́? Kásẹ́ẹ̀tì ló ń fi ránṣẹ́. Ó ń kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tó jẹ, ó ń sọ pé òun ti wá rí ọkọ̀ ojú omi báyìí, pé ó tóbi ju bí a ṣe rò ó lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, màmá á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n á jókòó síwájú rédíò bí ẹni gba àlejò. Kásẹ́ẹ̀tì ń dé, ó ń dé, ó sì dáwọ́ dúró.

Mo ti rò pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọkùnrin mi ìkẹ́yìn, tó wà ní yunifásítì lókè òkun, pè mí lórí fóònù. Òun náà jogún ìṣòro ìwé kíkà ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti mọ̀ láti kékeré rẹ̀, èmi náà ni mo sì ń kàwé fún un. Ó ní ilé ìwé àwọn ti ran òun lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ wíwádìí bí èèyàn ṣe ń kàwé, pé kì í ṣe dókítà ojú, àti pé ìwé ẹ̀rí tó kọ ni ìjọba ibẹ̀ ń wò. Wọn ò kówó lé e lọ́wọ́. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà tó ń kàwé sókè fún un, wọ́n fún un ní ohun tó ń gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n ń sanwó ẹnì kan tó ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé ìwé sì ń fi àkókò kún ti ìdánwò rẹ̀. Mo ń dúpẹ́, mo ń ṣàdúrà. Mo wá bi í pé kí ni wọ́n ní kó kà.

"Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ni, Mọ́mì," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kàn hun pọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sọ rí láyé."

"Kí ló dé?"

"Kí ẹni tó ń kà á má baà ti gbọ́ ọ níbì kan."

Mo ní kó jẹ́ kí n pè é padà. Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní ìrun mi, mo sunkún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni pé àná ló lọ. Ẹnì kan ti wá ronú kan irú rẹ̀ láyé, ó mà ṣe o, ìgbà tó pẹ́ jù ni.

Mo ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ìkẹ́yìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó dé, èmi àti màmá la jọ gbọ́ ọ. Ó kí bàbá, ó kí màmá, ó kí mi. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbọ́ bóyá òun ti gbàgbé káàdì dókítà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́dẹ̀ gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe kà á lọ́jọ́ náà: ọkùnrin kan, ọkọ̀ funfun, láràárọ̀ ni ó máa ń tù ú lọ, afẹ́fẹ́ a máa fẹ́, omi a máa ru. Ó dákẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà. Ìlà tó kẹ́yìn nìkan ni kò kà, ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í gbàgbé.

Màmá ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ní, "Kí ló wí?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó dákẹ́ sí, mi ò dúró. Mo ní, "Ó ní nígbà gbogbo, ó máa ń padà wálé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Màmá ń mirí síwájú, wọ́n ń mirí sẹ́yìn. "Ó ń bọ̀ nìyẹn," wọ́n ní, wọ́n sì dìde lọ bu irú tirẹ̀ sọ́tọ̀.